Kòtò Ajílósùn: Ibi Tí Okùn Ẹ̀bi Dé, àti Ibi Tí Ó Ti Já

Kòtò náà kò jìn ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé ìyá oníyán kan pàdánù ẹsẹ̀ sí i ló ń rò pé kànga ni wọ́n já sí. Kòtò páìpù omi lásán ni. Agbaṣẹ́ṣe kan gbẹ́ ẹ gba iwájú ìsọ̀ àwọn obìnrin ní Ajílósùn, ní Adó-Èkìtì, ó sì fi pákó méjì dábùú rẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rí ọ̀nà kọjá. Kò sí rìbọ́nì pupa, kò sí àgbá tí wọ́n kùn lọ́dà, kò sí iná. Nígbà tí mo débẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀kan nínú pákó náà ti là sí méjì, orí irin rọ́ọ̀dù kan sì yọ jáde lára kọnkéré tí wọ́n fọ́, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára.

Èmi ni agbẹjọ́rò Màmá. N kò ní dárúkọ wọn, n kò sì ní dárúkọ agbaṣẹ́ṣe náà tàbí ilé ìwòsàn, nítorí ẹjọ́ ti parí, tọ̀tún tòsì sì ti fọwọ́ síwèé. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ni ìṣirò tó wà nínú rẹ̀: èwo nínú gbogbo àdánù tó tẹ̀lé kòtò yẹn ni òfin gbé lé agbaṣẹ́ṣe lórí, èwo ni ó gbé kúrò, àti ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó dé iwájú adájọ́ rárá.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni. Òjò ti rọ̀ dá, iná ìjọba sì ti lọ láti ọ̀sán. Màmá ti ta uyán tán. Uyán ni wọ́n ń pè é, bí àwọn àgbà Èkìtì ṣe ń pè é. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ tí wọ́n pè é ní iyán, ìyẹn nígbà tí wọ́n ń bá akọ̀wé ilé ẹjọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé kúlà tí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ṣẹ́kù sí lérí, wọ́n ń lọ sílé. Pákó là mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ kòtò, irin náà sì gún wọn lójúgun.

Ọgbẹ́ náà kò ju ẹnu ìgò lọ. Ní kẹ́míìsì, wọ́n fi sípírítì nù ún, wọ́n dì í, wọ́n fún wọn lóògùn, Màmá sì gúnyán lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ karùn-ún ẹsẹ̀ ti wú, bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìgbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ni dókítà sọ fún wọn pé àtọ̀gbẹ wà lára wọn, ó sì ti pẹ́. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀, àwọn fúnra wọn kò mọ̀. Ọgbẹ́ kọ̀, kò jinná. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti ọmọ-ìka, dúdú náà ń gun òkè. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni àkọ́bí wọn mú ìwé àjákọ kan wá sí ọ́fíìsì mi. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé: owó ilé ìwòsàn, owó oògùn, ọjà tí Màmá kò lè tà, oko kòkó tí wọ́n tà láti fi san owó iṣẹ́ abẹ, odó àti ìkòkò tí olè kó ní ìsọ̀ nígbà tí ìyá wà lórí ìbùsùn, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó fi ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìkẹ́rẹ́ sílẹ̀ kó lè wá tọ́jú ìyá, àti ọwọ́ ọ̀tún Màmá tó ṣẹ́ lóṣù kẹta nígbà tí wọ́n ṣubú lórí àpáta. Ó kà á tán, ó pa ìwé dé. Ó ní, "Lọ́yà, inú kòtò yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti wá."

Kò purọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹbí wọ̀nyí ń wá owó ọ̀fẹ́, kò mọ̀ wọ́n. Ká ní kò sí kòtò, ẹsẹ̀ kì bá tí gé, oko kì bá tí tà, ọmọ kì bá tí kúrò níléèwé. Ohun tí àwọn àgbà ń pè ní "a fa gbùùrù, gbùùrù fa igbó" ni. Ìbéèrè tí òfin ń bi ẹni tó fa gbùùrù ni pé, mélòó nínú igbó náà ni tìrẹ? Èdè wa ti fi ìbéèrè yìí sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, okùnfà. Ohun tí okùn bá fà wá ni ẹni tó di okùn mú máa jẹ́jọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn a máa já, ilé ẹjọ́ ló sì máa ń sọ ibi tó ti já.

Ìgbà kan wà tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí tiwa ti jáde wá, ń di gbogbo igbó náà rù ẹni tó fa gbùùrù. Ní 1917, wọ́n ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi kan ní Casablanca, ní ilẹ̀ Mòrókò. Pákó kan já bọ́ sínú ikùn ọkọ̀, níbi tí èéfín pẹtiróòlù tó ń jò nínú agolo ti kún. Iná sọ, ọkọ̀ run. Ta ló lè rò pé pákó tó bọ́ lè dáná? Síbẹ̀, ní 1921, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní London dájọ́ pé bí àdánù bá ti jáde tààrà láti inú àìkíyèsára, ẹni tó ṣe é ni yóò san án, ì báà rí i tẹ́lẹ̀, ì báà má rí i. Polemis ni àwa agbẹjọ́rò ń pè é. Ká ní ìdájọ́ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, bí àkọ́bí Màmá ṣe kọ ìwé rẹ̀ ni ǹ bá mú un lọ sílé ẹjọ́, ó ku díẹ̀ tí n kò fi ní fa ohunkóhun yọ.

Kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ní 1951, ní èbúté Sydney ní Ọsirélíà, ọkọ̀ kan da epo dúdú sínú omi. Epo náà lọ dé abẹ́ èbúté kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jó irin. Ọ̀gá wọn dá iṣẹ́ dúró, ó béèrè, wọ́n sọ fún un pé kò séwu, wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀. Irin gbígbóná bọ́ sórí àkísà tó léfòó, àkísà gbaná, epo gbaná, èbúté jó. Nígbà tí ẹjọ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Wagon Mound, dé Privy Council, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní London tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìkẹyìn láti ilẹ̀ òkèèrè, ní 1961, àwọn adájọ́ ní ẹni tó da epo sómi lè rí i pé yóò ba èbúté jẹ́, yóò lẹ̀ mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè jẹ́ kó mọ̀ pé irú epo yẹn lè gbaná lójú omi. Nítorí náà kò ní san owó iná. Láti ìgbà náà, irú àdánù tí ẹni tó ní làákàyè lè rí pé ó lè ṣẹlẹ̀ nìkan ni ẹni tó ṣe àṣìṣe ń san. Ẹ má gbàgbé pé Privy Council yẹn kan náà ni ẹjọ́ tiwa láti Nàìjíríà ń lọ títí di 1963. Ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò de adájọ́ wa lọ́wọ́ lónìí, ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ gíga tí mo ti dúró ní Èkìtì tí wọn kì í ti fetí sí i.

Ìdájọ́ Wagon Mound yìí ni agbẹjọ́rò agbaṣẹ́ṣe kọ́kọ́ fà yọ nínú lẹ́tà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ni lẹ́nu iṣẹ́, ó sì mọ iṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ pé oníbàárà àwọn gbà pé ó yẹ kí iná wà níbẹ̀, wọ́n gbà pé ẹni tó bá ń kọjá lè ṣubú, kó bó, kódà kó dá lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè mọ̀ pé àtọ̀gbẹ wà lára ẹni tó máa gba orí pákó kọjá, nígbà tí onítọ̀hún gan-an kò mọ̀? Wọ́n ní owó ọgbẹ́ làwọn máa san, àwọn kò ní san owó ẹsẹ̀.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ibẹ̀ gan-an ló sì ti fì. Ohun tí òfin ní kí a rí tẹ́lẹ̀ ni irú ìpalára, kì í ṣe bí yóò ṣe ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe bí yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹjọ́ kòtò mìíràn ló kọ́ wa ní apá kìíní. Ní 1958, ní Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, àwọn òṣìṣẹ́ kan ṣí kòtò sílẹ̀ lójú títì, wọ́n pàgọ́ bò ó, wọ́n gbé àtùpà kẹrosíìnì mẹ́rin yí i ká, wọ́n lọ mu tíì. Ọmọkùnrin méjì wọnú àgọ́, ọ̀kan ọmọ ọdún mẹ́jọ, èkejì ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àtùpà bọ́ sí kòtò, ó bú gbàù, ọmọ ọdún mẹ́jọ já sínú rẹ̀, iná jó o gidigidi. Àwọn olùjẹ́jọ́ ní kò sẹ́ni tó lè rò pé àtùpà yóò bú. Ní 1963 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún wọn nígbà náà dáhùn pé ẹ mọ̀ pé àtùpà lè jó ọmọdé. Ó jó ọmọdé. Ọ̀nà tó gbà jó o kò yí nǹkan padà.

Apá kejì, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kan tó ń ti irin bọ inú sínkì yíyọ́ ni mo ti mú un. Ní 1950, èyí tó gbóná ta sí i ní ètè ìsàlẹ̀. Ó jó o díẹ̀. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń múra jẹjẹrẹ sílẹ̀ láìmọ̀, ibi tó jó náà ni jẹjẹrẹ ti yọ, ó sì kú lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ ohun tí agbaṣẹ́ṣe wa sọ: jíjó la rí, a kò rí jẹjẹrẹ. Adájọ́ ní ìbéèrè náà kò dúró lórí jẹjẹrẹ, orí jíjó ló dúró lé. Ìpalára tí ẹ lè rí tẹ́lẹ̀ ni jíjó, ìyókù jẹ́ ti ara tí ẹ bá. Bí o bá ṣe bá ẹni tí o pa lára ni wàá ṣe gbà á, ì báà jẹ́ alágbára, ì báà jẹ́ ẹni tí agbárí rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin.

Èyí ni mo kọ sínú èsì mi. Mo fi kún un pé àwọn tó ń gba orí pákó Ajílósùn kì í ṣe ọmọ ológun. Àwọn ìyá àgbà ni, aboyún, ọmọ iléèwé, ẹni tó ru ẹrù. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò síwájú ọjà mọ̀ pé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni yóò kọjá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ apá kan tí n kò fẹ́ràn. Nínú ẹjọ́ jẹjẹrẹ yẹn náà, adájọ́ yọ lára owó, nítorí pé àìsàn náà lè yọjú fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo sọ fún ẹbí Màmá pé wọ́n lè yọ lára tiwọn náà: àtọ̀gbẹ tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú lè bá ẹsẹ̀ jà láìsí kòtò. Àkọ́bí bínú. Màmá ló dá a lóhùn. Wọ́n ní, "Ṣèbí dókítà sọ bẹ́ẹ̀ náà."

Ọjà tí Màmá kò lè tà kò ní àríyànjiyàn nínú òfin. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ dúró ti odó, tí o ṣe lẹ́sẹ̀, o mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ yóò dúró. Wàhálà rẹ̀ ni ẹ̀rí. Owó tí a ti ná tàbí tí a ti pàdánù, ilé ẹjọ́ ní Nàìjíríà fẹ́ kí a kà á ní ẹyọ ẹyọ, kí a sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Adájọ́ kì í fojú inú wò ó. Oníyán wo ló ń já rìsíìtì? Káàdì alájọ ló gbà wá. Màmá ń dá ₦2,000 lójoojúmọ́, àmì wà níbẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, ó sì dúró gbọn-in ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ìṣubú náà. Oníṣu tó ń gbé iṣu wá fún wọn láti Ìlawẹ̀ náà wá jẹ́rìí. Mo fi ọwọ́ mi mú káàdì yẹn, epo ọbẹ̀ wà lára rẹ̀, kò sí ìwé kankan nínú fáìlì náà tó níyì lójú mi tó o.

Odó àti ìkòkò tí olè kó, mo yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ olè ni ọwọ́ olè. Ẹni tó gbẹ́ kòtò lè rí i pé èèyàn yóò ṣubú, kò lè rí i pé ẹlòmíràn yóò já ìsọ̀ rẹ̀.

Oko kòkó ló gba ọjọ́ mi jù. Bàbá tà á ní ₦1,400,000 láàárín ọjọ́ méjì, nítorí pé wọn kò ní wọlé iṣẹ́ abẹ láìsanwó. Aládùúgbò oko ní wọn kì bá tà á lábẹ́ ₦2,200,000 bí ara bá rọ̀ wọ́n. Owó iṣẹ́ abẹ, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n àdánù tó wà láàárín owó méjèèjì ńkọ́? Ìdájọ́ àtijọ́ kan wà, ti 1933, lórí ọkọ̀ tó ń gbẹ́ èbúté tó rì: àwọn tó ni ín kò lówó láti ra òmíràn, wọ́n yá ọkọ̀ olówó gegere, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ní àìlówó yín ló fa ìyẹn, kì í ṣe ẹni tó rì yín lọ́kọ̀. Ọdún púpọ̀ ni mo fi kórìíra ìdájọ́ yẹn. Bí ara aláìsàn bá jẹ́ ohun tí ẹni tó ṣe é léṣe gbọ́dọ̀ gbà bó ṣe bá a, kí ló dé tí àpò òtòṣì kò rí bẹ́ẹ̀? Ní 2003, ilé ẹjọ́ kan náà yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí kò lówó láti háyà mọ́tò àfi ní àwìn tó wọ́n. Wọ́n ní kò ṣòro láti rí tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí o bá nǹkan rẹ̀ jẹ́ lè má lówó lọ́wọ́. Ìyẹn ni mo gbé lọ sí ìjíròrò. Ẹ̀gbọ́n wa kò gbà á tán, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé adájọ́ lè gbà á, a sì pín in.

Ti ọmọbìnrin, ilẹ̀kùn kan tì, òmíràn ṣí. Bí a bá sọ pé kí agbaṣẹ́ṣe san owó ọjọ́ iwájú rẹ̀, iṣẹ́ tí kò tíì rí, ìwé ẹ̀rí tí kò tíì gbà, ọ̀nà ti jìn. Ṣùgbọ́n ó ń wẹ Màmá, ó ń dì wọ́n lọ́gbẹ́, ó ń gbé wọn lọ sílé ìgbẹ́ lóru. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Ẹjọ́ kan wà ní 1973, ti ìyá tó fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí mọ́tò ṣe lẹ́sẹ̀, níbi tí ilé ẹjọ́ ti ní àìní ìtọ́jú náà jẹ́ àdánù ẹni tó fara pa gan-an, ì báà jẹ́ ẹbí ló ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. A kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ Màmá, oṣù mẹ́sàn-án, ní iye tí à bá san fún ẹni tí a gbà síṣẹ́. Ọmọ náà ti padà síléèwé báyìí.

Ó wá ku ọwọ́. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti fún Màmá ní ọ̀pá méjì tí wọ́n ń kì bọ abíyá, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má gun ibi gíga. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni tó jí, wọ́n gba ọlọ́kadà lọ sí ìdí àpáta kan lọ́nà Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àwọn ìjọ ti ń gbàdúrà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Ìrì wà lórí òkúta. Ọ̀pá yọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ilẹ̀ mú, ọrùn ọwọ́ ṣẹ́.

Ẹbí fẹ́ kí n jà fún un. Mo ti ka ẹjọ́ tó jọ ọ́, ti 1969: ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ nítorí ìpalára lẹ́nu iṣẹ́, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gíga tí kò ní ibi ìfọwọ́mú, tí kò dúró kí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ ní bí ẹni tó fara pa bá ṣe ohun tí kò bọ́gbọ́n mu pẹ̀lú ara tó ti di aláìlera, òun fúnra rẹ̀ ló já okùn. N kò rí ọ̀nà tí mo lè gbà bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá sì gbé ọwọ́ yẹn síwájú adájọ́, ẹ̀gbọ́n wa yóò fi í ba ẹsẹ̀ jẹ́: wọn yóò ní ìyá yìí kì í gbọ́ràn, bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣe tọ́jú ọgbẹ́ náà. Mo lọ bá Màmá nílé láti ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin.

Wọ́n ní, "Lọ́yà, ọmọ mi, nígbà tí ẹsẹ̀ ti lọ, ta ni kí n lọ bá?"

N kò ní èsì. Mo ṣì gbà pé bí mo ṣe fà á yọ tọ́ lójú òfin. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá pe ohun tí Màmá ṣe ní ìwà òmùgọ̀, bí ẹnì kan ṣe pè é nínú yàrá ìjíròrò.

A fẹnu kò kí ẹ̀rí tó bẹ̀rẹ̀. Owó gbà-máà-bínú náà kò tó ohun tó wà nínú ìwé àjákọ àkọ́bí, ó sì ju owó ọgbẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ san lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ilé ẹjọ́ sọ àdéhùn náà di ìdájọ́. Ní ọjọ́ tí a fọwọ́ síwèé, mo ka ìlà kọ̀ọ̀kan sí Màmá létí: ẹsẹ̀, ìrora, ilé ìwòsàn, ọjà, oko, ìtọ́jú. Wọ́n ń mi orí. Mo gbé páàdì íǹkì sún mọ́ wọn kí wọ́n tẹ̀ka. Wọ́n na àtàńpàkò ọ̀tún, kò tẹ̀ dáadáa, wọ́n fà á padà, wọ́n sì fi ti òsì tẹ̀ ẹ́.